Chengguan Tí Mo Kọ́kọ́ Lọ

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àìgbọ́ ohùn mi láti ọjọ́ mélòó kan yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín lórí ilẹ̀ yàrá mi níbí. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́ kí n tó mú bírò. Mo kí Bàbá Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn pé oògùn orúnkún tí mo fi ránṣẹ́, pípa ni wọn yóò máa fi pa ara, kì í ṣe mímu. Mo kí Bísí àbúrò mi ní Òkukù. Òun ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín nítorí ojú yín tó ń ṣú. Bísí, má fo ibì kankan. Tó o bá dé ibi tí kò dùn ún kà, kà á bó ṣe wà.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ sí. Mo ti bẹ àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ìlú wa pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé. Ìlú ló gbọ́ irọ́ tí mo pa lórí ikú Délé àbúrò mi, ìlú náà ló yẹ kó gbọ́ òótọ́.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni Bísí fi fọ́tò ibojì Délé ránṣẹ́ sí mi. Mo rí i pé ẹ ti lẹ táìsì funfun sí i, ó sì dára. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ bí i, àti ọjọ́ tó kú. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ pé: «Ẹ bá mi kí Màámi.» Wọ́n fi àmì sórí rẹ̀ dáadáa, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ dúró ti ẹni tó kọ ọ́, torí ẹ kò ní gbà kí wọ́n kọ Yorùbá láìfi àmì sí i.

Màámi, Délé ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó kú. Ìlú mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú tó kú sí ni mo wà, mo sì ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ kí n tó máa bá a lọ.

Iṣẹ́ ṣì ń lọ. Ilé ìkẹ́rù kan náà ni mo wà ní Guangzhou. Bàtà, síìpù àti ìkòkò là ń dì sínú páálí fún àwọn oníṣòwò wa tó ń kó ọjà lọ sí Èkó. Èmi ni mo máa ń kọ orúkọ sára páálí, láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Òjò ò dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ yìí, ògiri yàrá mi ń làágùn, aṣọ tí mo sá láti ọjọ́ Àìkú ò tíì gbẹ. Ẹ máa ń bi mí bóyá mo ṣì ń sunkún. Mi ò sunkún. Ẹkún ọ̀hún ò wá. Mò ń jí, mò ń wẹ̀, mò ń jẹun, mò ń di ẹrù. Tí wọ́n bá dápàárá níbi iṣẹ́, mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí tó fi kú tipiri, tó wá dìde tó sì ń fi í rìn. Ọdún kan àti oṣù méjì ló ti ń rí bẹ́ẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Délé lo ọdún mẹ́ta ní Ṣáínà kó tó kú, mi ò débi tó ń gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òun ló wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi sì ni mo ní kó wá sí ilẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ tó gbéra nílé, ẹ pè mí láti gáréèjì Ìkìrun, ẹ ní ẹ fà á lé mi lọ́wọ́, mo sì dáhùn pé kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀. Nígbà tó ríṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo bi í pé ìlú wo ni. Ó ní Chengguan ni. Mo ní kú oríire. Ó parí síbẹ̀. Mi ò béèrè ìpínlẹ̀, mi ò béèrè orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ta ló ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi tá a ti wá? Ẹni tó bá ń bọ̀ wá kí yín láti Òkukù, yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò sọ̀ ní Ìnísà, yóò ní òun ń lọ sílé Màmá Tíṣà tó kọ́ni ní Ìgbàyè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà wa, bóyá kó tiẹ̀ bá a gbé báàgì. Ilé wa ò ní nọ́ńbà títí dòní. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi àti Délé ṣe gbé e dé Ṣáínà. Tá a bá ti mọ orúkọ ìlú, ó ti tó.

Ọjọ́ Ajé ni Délé pè mí, mo ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní inú ti ń run òun láti bí oṣù kan, pé òun ò fẹ́ dà wá láàmú ni òun ò ṣe sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá òun dúró sí ọsibítù, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún òun lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí bóyá mo lè wá. Mo ní mò ń bọ̀. Mo wá bi í pé báwo ni mo ṣe máa mọ ibẹ̀. Ohun tó sọ nìyí, òun gan-an ló sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ níbẹ̀: «Tẹ́ ẹ bá ti sọ̀, ẹ béèrè mi, Àǹtí mi. Wọ́n mọ̀ mí.» Fóònù gé síbẹ̀. Mo pè é padà, kò lọ. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, kò lọ.

Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ ń di ẹrù, ọmọ Ṣáínà ni, Meili lorúkọ rẹ̀. Òun ni mo ní kó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwè lórí fóònù rẹ̀. Ó tẹ Chengguan, ó gbójú sókè, ó ní Chengguan wo. Mo wo ojú fóònù náà. Wọ́n tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, Chengguan, Chengguan, Chengguan, ó fi ìka fà á sókè, òmíràn tún ń bọ̀. Ó bi mí pé ìpínlẹ̀ wo ni àbúrò mi wà. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá.

Ibí yìí ni ẹ̀bi mi wà, Màámi, ẹ má wá a sí ibòmíràn. Ká ní mo sọ pé mi ò mọ̀ ni, Meili ì bá bá mi wádìí. Ó lè pe ọsibítù kọ̀ọ̀kan, ó lè bi àwọn ọlọ́pàá, ọmọ tó mọ nǹkan ṣe ni. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ẹ ti kọ́ wa láti kékeré pé ká má jẹ́ kí ará ìta mọ̀ pé a ò mọ ibi tí ẹni wa wà. Bẹ́ ẹ bá pàdé ẹni tó béèrè mi, tí ẹ ò sì tíì gbóhùn mi fóṣù kan, ẹ máa ń ní mo wà dáadáa, pé àná la jọ sọ̀rọ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí wo ni yóò dúró láàárín àlejò, tí yóò ní òun ò mọ ilé àbúrò òun? Mo fi ìka kan èyí tó wà lókè pátápátá. Mo ní òun ni. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ti débẹ̀ rí.

Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n lọ títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dé Chengguan yẹn ní ìyálẹ̀ta Ọjọ́rú. Ìpínlẹ̀ Hubei ló wà. Ìlú náà tutù lójú, odò kan kọjá láàárín rẹ̀, igi wà létí ọ̀nà. Mo fi fọ́tò Délé han èèyàn méjì, wọ́n mi orí. Ẹni kẹta, ọlọ́kadà kan, wò ó ó sì ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan. Inú mi dùn lórí ọ̀kadà yẹn. Mo ní òótọ́ ni Délé sọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo tiẹ̀ ń múra bí mo ṣe máa bá a jà pé kò tètè sọ fún wa pé ara òun ò yá.

Ẹni tí wọ́n pè jáde fún mi, olùkọ́ ni, èèyàn dúdú sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Délé. Ọmọ Kamẹrúùnù ni, Pọ́ọ̀lù lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó rí fọ́tò náà, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ọlọ́kadà yẹn rò pé òun ló wà níbẹ̀. Nígbà tó wá wo ojú mi, ó ní kí n jókòó. Òun ló là mí lóye pé Chengguan ò jẹ́ orúkọ ìlú bí Ìnísà ṣe jẹ́ orúkọ ìlú. Ó ní àgbègbè ẹnubodè ìlú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, pé nínú ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbí, ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba wà ni Chengguan ibẹ̀. Bí a ṣe ní Sábó ní Ìbàdàn, tí a ní Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a tún ní in ní Òṣogbo. Ta ni yóò wá láti òkèèrè tí yóò ní Sábó lòun ń lọ? Ẹ ó rẹ́rìn-ín irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Pọ́ọ̀lù fi fọ́tò Délé sí ojú ibi tí àwọn olùkọ́ àjèjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ká lọ sílé òun, ká jẹun, pé ẹnì kan yóò dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ se ìrẹsì, ó fi ata ilẹ̀ se ẹja odò, ó din ẹyin mọ́ tòmátì. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán. Ebi ń pa mí, mi ò tíì jẹ nǹkan gidi láti ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo jẹ abọ́ ìrẹsì méjì. Obìnrin náà ń bu ẹja sínú abọ́ mi, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo bi í pé báwo ló ṣe se ẹja náà tí kò fi fọ́, ó sì fi hàn mí. Mò ń sọ gbogbo èyí fún yín nítorí pé ohun tí mo máa ń rántí nìyẹn. Mi ò kì í rántí ojú Délé tó bẹ́ẹ̀. Ẹja yẹn ni mo máa ń rántí.

Ìrọ̀lẹ́ ni èsì dé. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìlú tó súnmọ́ ti Délé ní òun mọ̀ ọ́n, pé ó wà ní Chengguan ti ìpínlẹ̀ Gansu. Ó sì kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, torí pé Chengguan ju ẹyọ kan lọ nínú Gansu nìkan. Ó ní òun gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀lù sìn mí dé ilé réluwè, ó ra omi àti búrẹ́dì fún mi. Kí Ọlọ́run san án fún un. Ẹ̀ṣẹ̀ ò sí lọ́rùn tirẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo dé ibẹ̀. Òtútù mú gan-an, ilẹ̀ gbẹ, eruku pupa bo gbogbo nǹkan bí ìgbà ọyẹ́ nílé, àmọ́ ọyẹ́ wa ò mú tó ìyẹn. Obìnrin kan ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Mi ò tíì mú fóònù jáde. Mo kàn sọ pé olùkọ́, mo sì fọwọ́ kan awọ ara mi. Ó wò mí. Ó fi aṣọ bo búrẹ́dì rẹ̀, ó pa iná, ó di ọwọ́ mi mú.

Màámi, kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi títí a fi dé ilé ẹ̀kọ́ tí Délé ti ń kọ́ni. Bá a ṣe ń lọ, àwọn èèyàn ń jáde sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Aránṣọ kan jáde tòun ti téèpù lọ́rùn. Wọ́n ń bi obìnrin náà léèrè nǹkan, ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì ń dákẹ́. Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ náà ni mẹ́gàádì ti gbé àga jáde fún mi láìbéèrè ẹni tí mo jẹ́. Ìgbà yẹn ni obìnrin náà na ìka méjì sókè sí mi, ó sì fi ọwọ́ kejì nu ojú rẹ̀. Ó ti di ọjọ́ méjì tí Délé ti kú.

Ìwé tí wọ́n fún mi fi hàn pé ìfun rẹ̀ ló ti bàjẹ́, kò sì gbé iṣẹ́ abẹ náà. Ó ti lé díẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú nígbà tó kú.

Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ti pè yín. Ẹ ò sunkún ní kíá. Ẹ bi mí pé ṣé mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ tún bi mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ní kí ló sọ. Mo ní ó ní kí n bá òun kí yín. Ìgbà yẹn lẹ tó bú sẹ́kún, mo sì rò pé mo ti ṣe nǹkan kan tó dára fún yín.

Mi ò lè bá òkú rẹ̀ wálé nítorí físà mi. Bísí ló sọ fún mi bí ẹ ṣe dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, tí gbogbo èèyàn sunkún. Bàbá Ìkìrun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ wa ò kú sáàárín àlejò. Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti pè mí, wọ́n á ṣàdúrà pé bí mo ṣe di ọwọ́ àbúrò mi mú, ọwọ́ mi ò ní ṣófo. Mo máa ń ṣe àmín. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe àdúrà yẹn fún mi mọ́.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí, kò sì pọ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ṣé ó sọ̀rọ̀. Ó ní ó sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè tó ń sọ. Yorùbá ni yóò jẹ́. Bóyá ó kí yín lóòótọ́. Bóyá omi ló ń béèrè. Bóyá èmi ló ń béèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni ì bá gbọ́ ọ ní gbogbo ilẹ̀ yẹn, ẹja ló ń jẹ ní Hubei.

Ẹ lè bínú sí mi. Tí ẹ ò bá gbé fóònù mi, mi ò ní sọ pé ẹ ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yẹn padà wá pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ibojì náà rẹ́. Kí ó má fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ó kọ Ìnísà síbẹ̀, ó tó. Ìnísà kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá wá a wá, tó bá ti sọ̀, tó bá béèrè rẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ. Ẹ bá mi kí àwọn tẹ́ ẹ jọ kọ́ni ní Ìgbàyè tí wọ́n ṣì ń wá yọjú sí yín. Ẹ kí Bàbá Ìkìrun, ẹ kí ọkọ Bísí àtàwọn ọmọ rẹ̀. Olúwa yóò la ojú yín, yóò fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín, ẹ ò ní sin èyí tó kù lára wa. Àwa la ó sin yín tẹ́ ẹ bá dàgbà dàgbà.

Bísí, wo ẹ̀yìn ìwé yìí. Mo kọ àdírẹ́sì mi síbẹ̀: ìpínlẹ̀, ìlú, àdúgbò, òpópónà, nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà yàrá. Mo fi Yorùbá kọ ọ́, Meili sì bá mi fi èdè Ṣáínà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà níbí, ẹnikẹ́ni nílé ò ní in rí. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá Màámi, níbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o. Bí nǹkan bá ṣe mí, kí ẹni tó ń bọ̀ má ṣe béèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó máa bọ̀ tààrà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá